Ẹ̀kọ́ Inú Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá: Ta Ni Yóò Tọ́jú Odò?



Odù tí a ó yẹ̀ wò lónìí ni Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá. Púpọ̀ nínú yín ló mọ ìtàn rẹ̀. Nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ dé ayé, tí wọ́n ń ṣètò rẹ̀, wọn ò pe Ọ̀ṣun sí i, torí pé obìnrin ni. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé, kò gún. Nígbà tí wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, òun ló bi wọ́n pé Ọ̀ṣun ńkọ́. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni nǹkan tó ń lọ déédéé.

Ohun tí a máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni ni pé ká má fojú di obìnrin. Òótọ́ ni. Àmọ́ Ọ̀ṣun, omi náà ni. Ẹni tó bá ṣètò ayé rẹ̀ tó gbàgbé omi, kò lè gún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ọmọ awo mi kan gbé ẹbọ láti Bẹẹrẹ, a gba Ọjà'ba sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò Kúdẹtì. A gbé ẹbọ sílẹ̀, mo wúre, mo yíjú padà. Ọmọ náà ò tíì kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ọ̀rá tí a fi gbé e wá ńkọ́?" Mo wo odò. Ike omi, pámpáàsì ọmọ, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, gbogbo wọn ti dí i. Tiwa náà wà láàárín wọn. Ojú tì mí. Igbá, àpáàdì àti ewé ni àwọn baba wa fi ń gbé ẹbọ. Ewé a máa jẹrà. Ọ̀rá kì í jẹrà bọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, nítorí náà ọjọ́ kì í kúrò lórí mi. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa ya wọlé àwọn èèyàn n'Ìbàdàn yìí, ẹ̀mí ṣòfò. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé. Àwọn kan ní odò ló ń bínú. Mi ò ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá da ìdọ̀tí dí ojú odò, tí a tún kọ́lé sí ọ̀nà rẹ̀, ibo la fẹ́ kí omi gbà?

Ẹ wo Òṣogbo. Nígbà tí wọ́n ń gé Igbó Ọ̀ṣun, Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, dìde pẹ̀lú àwọn olórìṣà àti oníṣẹ́ ọnà ìlú láti gbà á là. Ní 2005, UNESCO kọ orúkọ igbó náà mọ́ ti àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Nǹkan bíi hẹ́kítà 75 ni. Èèwọ̀ ni ọdẹ síṣe, ẹja pípa àti igi gígé níbẹ̀. Síbẹ̀, ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu omi odò náà, nítorí ìwakùsà lápá òkè ti da omi rú. Wọ́n ṣọ́ igbó. Ẹni tó wà lókè odò ni kò ṣọ́ra. Àwa náà ńkọ́? Omi tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, ilé ẹlòmíràn ló ń lọ.

Láti ọjọ́ náà, a kì í fi ọ̀rá gbé ẹbọ nílé mi mọ́. Ní Sátidé kejì oṣù, a máa ń wọ bàtà òjò, a ó mú réèkì àti àpò, a ó lọ kó ìdọ̀tí etí odò. Kò sí owó níbẹ̀. Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ mùsùlùmí mú ṣọ́bìrì tirẹ̀ wá. Kò bèèrè odù tó ní ká ṣe é. Òjò kan rọ̀, ìdọ̀tí tún kún. A tún padà lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí pé ẹbọ wo ni ẹ lè rú láìní owó lọ́wọ́, èyí nìyẹn. Ẹ wá odò tó sún mọ́ ilé yín.

Kí omi má gbé wa lọ. Kí Ọ̀ṣun má kẹ̀yìn sí wa. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.