Ìjókòó Inú Bàálù, Àyànmọ́ àti Ẹ̀tọ́ Ẹnìkejì

Yíyan ìjókòó nínú bàálù nígbà ìrìn-àjò ọdún kò jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ìbéèrè àtayébáyé méjì ló wà nínú rẹ̀. Bí ọjọ́ ikú ẹ̀dá bá ti wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kí ni èèyàn ń sá fún tó fi ń wá ibi tó láàbò jù? Bí ibi tó dára kò bá sì kárí gbogbo èrò, ta ló yẹ kó jókòó síbẹ̀? Àwọn ìbéèrè yìí kan àwọn tó ń gbé Kalambaina, lẹ́bàá ìlú Sókótó, níbi tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1967. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ìbàdàn ní ọ̀nà tí kò jìnnà sí 800 kìlómítà láti rìn kó tó lè bá àwọn ará ilé rẹ̀ jẹ ẹran Iléyá. Bó bá lówó tíkẹ́ẹ̀tì, bàálù yóò gbé e dé Èkó láàárín wákàtí kan àbọ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Bí wọ́n bá ti bi í léèrè ibi tó fẹ́ jókòó sí, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá ní yíyan ìjókòó kò já mọ́ nǹkan kan lójú kádàrá ní ẹ̀rí tó wúwo lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, bàálù iléeṣẹ́ ADC tó ń ti Àbújá bọ̀ ní Sókótó já lulẹ̀ bó ṣe gbéra tán. Èèyàn 105 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn 9 péré ló yè é. Súlútáànù Sókótó, Muhammadu Maccido, kú níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ sẹ́nétọ̀. Pápákọ̀ òfúrufú Sókótó tí wọn kò dé mọ́ yẹn, orúkọ bàbá Maccido, Súlútáànù Siddiq Abubakar Kẹta, ló ń jẹ́ lónìí. Ipò àti ọlá kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Síbẹ̀, àwọn tó wádìí ìjàǹbá náà kò dúró sórí pé àsìkò ló tó. Wọ́n ní ọ̀gá awakọ̀ pinnu láti gbéra nígbà tí ojú ọjọ́ kò dára, àti pé nígbà tí atẹ́gùn yí padà lójijì, wọn kò ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe láti gba bàálù náà sílẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹni tó bá di gbogbo ẹ̀bi ru kádàrá ti gba ẹrù kúrò lórí ẹni tó yẹ kó rù ú, àwọn tó bá sì ń bọ̀ lẹ́yìn yóò tún ṣe àṣìṣe kan náà. Ibi tí ẹ̀kọ́ àyànmọ́ ti ń di ewu nìyí, ó sì yẹ kí àwọn oníwàásù máa sọ ọ́ síta gbangba.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù fúnra rẹ̀ kò kọ́ni pé kí èèyàn káwọ́ gbera. Ní nǹkan bí ọdún 639, Umar ọmọ Khattab, Kálífà kejì, ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Nígbà tó dé Sargh, ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú, ó bá àwọn àgbà gbìmọ̀, ó sì pinnu láti padà. Ọ̀gágun Abu Ubayda bi í bóyá kádàrá Ọlọ́run ló ń sá fún. Èsì Umar ni pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú kádàrá Ọlọ́run mìíràn ni òun ń sá lọ. Ìdáhùn yẹn ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ jù lọ. Yíyàn kò sí lóde kádàrá. Ara rẹ̀ ni. Ẹni tó jókòó sí ìdí ẹnu ọ̀nà kò jí nǹkan kan lọ́wọ́ Ọlọ́run. Irú òye kan náà ló wà nínú hádíìsì ẹni tó bi Ànábì léèrè bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́run: Ànábì ní kó so ó mọ́lẹ̀ ná.

Àwọn babaláwo náà ní ìtàn tiwọn. Ifá sọ bí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ṣe lọ yan orí ní ilé Àjàlá tó ń mọ orí kí wọ́n tó wá sáyé. Oríṣeékù àti Orílèémèrè kàn mú èyí tó wù wọ́n lójú, òjò sì pa orí wọn lọ́nà, ó fọ́. Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó dífá, ó rúbọ, ó sì rí ẹni tó bá a yan orí tó le. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti rò pé Yorùbá fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún orí, ìtàn náà fi hàn pé yíyàn ni ìbẹ̀rẹ̀ orí, àti pé ẹni tó bèèrè kó tó yàn kò dà bí ẹni tí ẹwà tàn jẹ. Ifá sì tún fi ẹsẹ̀ kún un, ìyẹn akitiyan ẹni, tí orí kò lè dá iṣẹ́ ṣe láìsí i.

Bí ó bá tọ́ láti yàn, kí ni a ń yàn gan-an? Ìdí apá bàálù ni jìgìjìgì ti máa ń kéré jù, ìdí ìrù ló sì máa ń pọ̀ sí. Àwọn ará iwájú ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó gùn lẹ́sẹ̀ yóò gbádùn ìlà tó wà nídìí ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì. Ẹni tó máa ń dìde lọ tọ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà àárín ló yẹ ẹ́. Ní ti ààbò, ìwé ìròyìn Popular Mechanics yẹ àkọsílẹ̀ ìjàǹbá láti ọdún 1971 wò lọ́dún 2007, ó ní nínú ọgọ́rùn-ún èrò tó jókòó sẹ́yìn, 69 ló yè, nígbà tí 49 yè lára àwọn ará iwájú pátápátá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ed Galea ti Yunifásítì Greenwich rí i ní tirẹ̀ pé ẹni tí kò jìnnà ju ìlà márùn-ún lọ sí ẹnu ọ̀nà ló rọrùn fún jù láti jáde láàyè. Ṣùgbọ́n ìjàǹbá kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí bàálù Air India já lulẹ̀ ní Ahmedabad ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ẹyọ ẹnìkan ló yè nínú èèyàn 242 tó wà nínú rẹ̀, ìjókòó 11A lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì ló sì wà. Ẹni tó bá wá sọ 11A di oríire kò rántí pé nínú bàálù mìíràn, nọ́ńbà yẹn lè jìnnà sí ẹnu ọ̀nà kankan. Lílo ìmọ̀ kò burú. Sísọ nọ́ńbà di oògùn ni kò ní ìtumọ̀, nínú ẹ̀sìn tàbí nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Fèrèsé tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti Sókótó sí Èkó láàárọ̀, ọwọ́ òsì, níhà ìjókòó A, ni oòrùn máa ń wà. Bí ọ̀sán bá ti ń rọlẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún. Lásìkò ọyẹ́, eruku kì í jẹ́ kí a rí nǹkan púpọ̀ nílẹ̀. Àmọ́ lásìkò òjò, ilẹ̀ náà dùn ún wò: omi odò Rima tó tàn kálẹ̀, oko jéró, àti òkúta funfun tí wọ́n ń wà fún sìmẹ́ńtì. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ fi orúkọ Kalambaina pe ìpele òkúta yìí, ìkarawun ẹranko inú òkun sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé òkun ló bo ibẹ̀ ní ohun tó lé ní 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Súrà 29 nínú Kùránì pe èèyàn láti rìn lórí ilẹ̀ kó sì wo bí ìṣẹ̀dá ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó yan fèrèsé nítorí irú wíwò yìí ti fi ìjókòó rẹ̀ ṣe ìjọsìn, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀.

Ìbéèrè kejì ló le jù, nítorí ẹnìkejì ti wọ̀ ọ́. Nínú ìwé Lúùkù orí 14, Jésù rí bí àwọn àlejò ṣe ń du ipò ọlá níbi àsè, ó sì gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n wá ìsàlẹ̀ jókòó. Súrà 58 pàṣẹ pé bí wọ́n bá ní kí a fi àyè sílẹ̀ ní àwùjọ, kí a fi í sílẹ̀. Hádíìsì sì kọ̀ pé kí ẹnìkan lé ẹlòmíràn dìde kó lè gba ipò rẹ̀. Bí a bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn, ìlànà kan hàn: ẹni tó jókòó ló ni ẹ̀tọ́ àtifúnni, ẹni tó dúró kò ní ẹ̀tọ́ àtifipá gbà.

Ó ṣeé ṣe kí èyí nira fún Yorùbá, torí pé ọ̀wọ̀ àgbà máa ń sọ ẹ̀bẹ̀ di àṣẹ. Bí bàbá arúgbó kan bá ní, “Ọmọ mi, dìde fún mi,” ọ̀dọ́ náà yóò dìde kó tó rò ó. Ó dára kó dìde. Síbẹ̀, bí ọ̀dọ́ náà bá ti san owó lé ìjókòó yẹn, ohun tó tọ́ fún àgbà ni kó bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tí ń tọrọ nǹkan, kó má sì bínú bí wọn kò bá gbà. Ti ìyá àti ọmọ kékeré tí ìjókòó wọn kò sí papọ̀ yàtọ̀: níbẹ̀, àìní ọmọ náà wúwo ju ìfẹ́ ẹnikẹ́ni láti wo ìta lọ, ẹni tó bá sì kọ̀ láti dìde lè ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe dáadáa.

Ìlà ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì nìkan ni àyè tó fẹ̀ ti ń bá iṣẹ́ rìn. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ti gbà pé òun yóò ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ẹlòmíràn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í fún ọmọdé tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ náà. Ẹni tó sanwó sí i nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan, tí kò fetí sí àlàyé òṣìṣẹ́ bàálù, ti gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ pé. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ iṣẹ́ náà lè sọ bẹ́ẹ̀ kí bàálù tó gbéra, wọn yóò sì wá ẹlòmíràn fi rọ́pò rẹ̀.