Ìránṣẹ́ àti Iṣẹ́ Tí A Rán An

Àwọn àgbà wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí gbà pé ìránṣẹ́ lè tún iṣẹ́ ṣe kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ tí ó jẹ́ ẹ gẹ́lẹ́ bí a ti rán an, tí aburú sì ti ibẹ̀ wá, ṣé ó jẹ̀bi?

N'Gattakro, ní ìlú Bouaké, ni ìbéèrè yìí ti bá mi. Ní agbo ilé Yorùbá kan níbẹ̀, dókítà ti sọ fún tọkọtaya kan pé fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní drépanocytose, ni ó ń ṣe ọmọ wọn. Ìyá ọkọ yíjú sí aya ọmọ rẹ̀, ó ní: "Ìyàwó, a kò ní irú èyí ní ìdílé tiwa." Obìnrin náà kúnlẹ̀, kò fèsì. Ẹ̀bi ti di tirẹ̀ láìsí ìgbẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ náà láti inú sẹ́ẹ̀lì. Ìwé àṣẹ wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Kì í jáde. Àdàkọ rẹ̀ ni ó ń lọ bá ráíbósóòmù, èyí tí ń ka lẹ́tà rẹ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta, tí ó sì ń so ásíìdì amínò pọ̀ bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ yìí ni purotéènì. Púpọ̀ nínú wọn ni a ń tún ṣe kí wọ́n tó wúlò. Ínsúlínì, tí ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ásíìdì amínò 110. Àdírẹ́sì tí yóò mú un gba ọ̀nà tí ó tọ́ wà ní orí rẹ̀. Irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ ni Günter Blobel ṣàwárí, tí ó fi gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1999. Sẹ́ẹ̀lì a gé àdírẹ́sì náà kúrò, a ká okùn náà, a dè é, a tún gé apá kan láàárín rẹ̀, kí 51 tí ó ṣẹ́kù tó jáde. Èyí tí kò bá ká dáadáa, sẹ́ẹ̀lì a dá a dúró, a sì tú u palẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pàápàá ń fi iṣẹ́ ẹrú jẹ́ tọmọ.

Èé ṣe tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ fún hẹmogílóbììnì ọmọ yìí? Ní ọdún 1957, Vernon Ingram, ní Cambridge, fi hàn pé ásíìdì amínò kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀. Ìkẹfà ni, nínú 146 tí ó wà lórí okùn bẹ́tà. Hẹmogílóbììnì náà ká bí ó ti yẹ, ó sì ń gbé ọ́síjìn. Ìgbà tí ó bá tú ọ́síjìn sílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yóò sì tẹ̀ bí dòjé. Ráíbósóòmù kò ṣì í kà. Ohun tí a kọ ni ó kà.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọmọ náà. Òun kọ́ ni ó kọ ìwé tí ó gbé lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tí ó jẹ́ SS gba S kan lọ́dọ̀ baba, ó gba òmíràn lọ́dọ̀ ìyá. Nítorí náà, ìdílé méjèèjì ni ó ní in. Kì í sì í ṣe ègún. Ní ọdún 1954, Anthony Allison fi hàn pé S kan ṣoṣo ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà. Ìdí nìyí tí ó fi gbilẹ̀ láàárín wa.

Ṣé kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, nígbà náà? Ó wà. Sẹ́ẹ̀lì kò lè béèrè ìdí. Ènìyàn lè béèrè. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Ẹni tí ó bá lè ṣe àyẹ̀wò kí ó tó gbéyàwó, tí ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ ọ́, ní ìbéèrè láti dáhùn. Ẹ̀bi ń wo ẹ̀yìn. Ojúṣe ń wo iwájú.

Ọ̀rọ̀ dókítà jẹ́ iṣẹ́ tí a rán sí agbo ilé náà: ẹ tọ́jú ọmọ yìí, ẹ má jẹ́ kí ibà mú un, kí àwọn yòókù lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ìyá ọkọ gbà á, ó sì fi ti ẹrú jẹ́ ẹ.