Àdúrà Ẹni Tí A Jẹ Ní Gbèsè



Kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí a kì í ka Àdúrà Olúwa pọ̀. Àwọn ọmọdé wa pàápàá mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí Ìwé Mátíù orí 6, a ó rí i pé gbèsè ni a pe ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà ni èyí, ó sì yẹ kí ó tètè yé àwa tí a wá ṣe iṣẹ́ ajé ní Àbújá yìí. Nínú wa ni ẹni tí ń tajà ní Wúsè, tí ó kó ọjà àwìn fún ọ̀rẹ́, tí ọ̀rẹ́ náà sì sá lọ. Nínú wa ni òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹnìkejì rẹ̀ bà á jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí ìgbéga rẹ̀ sì fi bọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa kúnlẹ̀ lálẹ́. Bí àdúrà bá sì dé ibi gbèsè yìí, ohùn rẹ̀ a lọ sílẹ̀.

Ìbéèrè wa nìyí: ǹjẹ́ ẹni tí a rẹ́ jẹ lè ní ìfọ̀kànbalẹ̀ kí ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ tó wá tọrọ àforíjì?

Ẹ jẹ́ kí a wo òwe Olúwa nínú Mátíù orí 18. Ọgọ́rùn-ún owó ni ìránṣẹ́ kan jẹ ẹnìkejì rẹ̀. Owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe kan ni ẹyọ owó náà, nítorí náà gbèsè yìí ju owó iṣẹ́ oṣù 3 lọ. Kì í ṣe ohun kékeré! Ṣùgbọ́n tálẹ́ńtì 10,000 ni ọba ti kọ́kọ́ dárí rẹ̀ ji ẹni tí ń sin owó náà, èyí tí ó tó nǹkan bí owó iṣẹ́ ọjọ́ 60,000,000. Olúwa kò sọ pé ohun tí a ṣe sí wa kò tó nǹkan. Ó ní kí a rántí tiwa ni.

Ẹ rántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther pẹ̀lú. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, àwọn Yorùbá bíi tirẹ̀ sì wà nínú àwọn tí ó kó ìlú náà. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ọdún 25 kọjá kí ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ta ni ó lè san ọdún 25 padà fún un? Síbẹ̀ ó padà wá sáàárín wa, ó sì fi Bíbélì lé wa lọ́wọ́ ní èdè wa. Lọ́kọ́jà tí ọkọ̀ wa ń gbà kọjá bí a bá ń lọ sílé, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò dúró de ẹni tí yóò wá bẹ̀ ẹ́ kí ó tó ṣe é.

Ẹnìkan lè wí pé, bí a bá dárí ji onígbèsè, yóò tún rẹ́ ẹlòmíràn jẹ. Òótọ́ ni. Kí a béèrè owó wa. Kí a pe àwọn àgbà ìjọ sí i. Bí ó bá sì di dandan, ilé ẹjọ́ wà. Ọ̀tọ̀ ni kí a béèrè ẹ̀tọ́ wa, ọ̀tọ̀ ni kí a di kùnrùngbùn. Owó lè padà tàbí kí ó má padà. Ṣùgbọ́n kùnrùngbùn, àwa tí a dì í ni yóò máa jẹ run.

Ọ̀kan nínú wa sọ fún wa pé, ní oṣù àkọ́kọ́, orúkọ ẹni náà nìkan ni òun lè pè níwájú Ọlọ́run, òun kò lè fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Nígbà tí ó pẹ́, ó fi kún un pé, “Olúwa, ṣàánú fún un.” Ẹnu rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. A kò tíì san owó náà di òní, ṣùgbọ́n ó ti ń sùn.

Ẹ̀yin ará, ní alẹ́ òní, ta ni orúkọ rẹ̀ ṣòro fún wa láti pè? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kí Olúwa kí ó ràn wá lọ́wọ́. Àmín.