Ẹja Tó Ń Ṣọ́lé, Ẹja Tí Ò Lẹ́ni Tó Ń Ṣọ́ Ọ

Ẹni tó bá rọra wọ inú koríko etí omi nígbà òjò lè bá ìfófó funfun kan pàdé láàárín ewé, tó nípọn, tó dúró sójú kan, bí ẹni pé ẹnì kan fọ aṣọ níbẹ̀ tí kò da omi ọṣẹ nù jìnnà. Kì í ṣe ọṣẹ. Ilé ẹja ni. Àwọn tó kọ́ ọ kò sì jìnnà síbẹ̀: akọ àti abo, tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, ẹnu wọn rí ṣóńṣó, eyín wọn yọ síta, wọ́n dúró jẹ́ẹ́ bí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì. Ẹyin wọn wà nínú ìfófó yẹn. Bí ọmọ bá ti jáde nínú ẹyin, abẹ́ ìfófó náà ni wọ́n á so rọ̀ sí fún ọjọ́ díẹ̀, títí ara wọn á fi gbó tó láti dá lúwẹ̀ẹ́.

Hepsetus odoe ni ìwé ń pe ẹja yìí. Bloch, onímọ̀ ẹja ará Jámánì, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1794. Àwọn apẹja òyìnbó ń pè é ní páìkì Áfíríkà, torí ó jọ páìkì tó ń gbé odò àti adágún ilẹ̀ Yúróòpù: eyín mímú, ara bí ọfà, kó fara pamọ́ sínú koríko, kó sì ta mọ́ ẹja mìíràn lójijì. Ìjọra ojú lásán ni, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Páìkì ti Yúróòpù a máa yé ẹyin rẹ̀ sára ewéko, á sì bá tirẹ̀ lọ. Tiwa ni í dúró ti ilé. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ odò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn onímọ̀ sì ti ṣe ìwádìí lé e lórí nínú dáàmù Adó-Èkìtì. Ẹni tó bá mọ dáàmù odò Ẹ̀rò ní Ìkún-Èkìtì, tàbí dáàmù Ìtapájì lápá Ìkọ̀lé, mọ irú omi tó bá a lára mu: omi tí kò kánjú, tí koríko kún etí rẹ̀.

Ká wá ní apẹja kan ju ìwọ̀ síbẹ̀. Ẹja tó ń ṣọ́lé kò lè sá jìnnà. Ìwọ̀ kọ́ ọ lẹ́nu, apẹja fà á sókè, ó ń jà pàrà lórí koríko. Ọkùnrin náà kò rí ìfófó kankan, ìsàasùn ọbẹ̀ ló wà lójú rẹ̀. Bó bá ju ẹja náà sínú agbọ̀n, kí ló pa: ẹja kan, àbí agboolé kan?

Àwọn òyìnbó ti fa ìbéèrè yìí gùn ju okùn ìwọ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2010, ẹni tó bá fi ìwọ̀ pẹja lódò kò gbọdọ̀ mú ju páìkì kan ṣoṣo lọ sílé lóòjọ́, ẹyọ kan ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ gùn ju 65 sẹ̀ǹtímítà lọ. Kékeré ni kó jẹ, kó fi ńlá sílẹ̀, torí abo ńlá ló ń yé ẹyin tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ apẹja wọn kì í tilẹ̀ mú ẹyọ kan ọ̀hún. Wọ́n a tẹ́ ẹní rírọ̀ sí etí omi kí ara ẹja má baà bó, wọ́n á yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì gbé e padà sómi bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ jẹ, igi kúkúrú kan ni wọ́n fi ń lù ú lórí kó lè kú lẹ́ẹ̀kan náà. Àlùfáà ni wọ́n ń pe igi náà, torí òun ló ń ṣe ètùtù ìkẹyìn fún ẹja.

Ẹ sọdá òkun díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ní Jámánì, òfin tó ń dáàbò bo ẹranko sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹranko láìní ìdí tó mọ́gbọ́n dání. Oúnjẹ jẹ́ ìdí. Eré kì í ṣe ìdí. Siwitsaláǹdì tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀: ẹni tó bá mọ̀ látilé pé òun máa dá ẹja padà, kó má wulẹ̀ gbé ìwọ̀ jáde. Ibi tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba ìyìn àánú, ibẹ̀ ni ará Siwitsaláǹdì ti ń sanwó ìtanràn. Wọ́n sì ní ẹ̀rí. Ní 2003, Lynne Sneddon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Scotland fi oró oyin sí ètè ẹja tráòtù, wọ́n fi omi kíkan sí ti òmíràn. Àwọn ẹja náà pa oúnjẹ tì fún wákàtí mélòó kan, wọ́n ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn tí omi kíkan kàn sì ń fi ètè ra òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ omi. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn pé ẹja kò ní irú ọpọlọ tó lè jẹ́ kó mọ ìrora bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti rí ẹja tó ń fi ẹnu ra ilẹ̀, iyàn yẹn á ṣòroó jà.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọjà Ìdó-Èkìtì wàyí. Ẹ sọ fún ìyá ẹlẹ́ja pé àwọn kan wà níbì kan tí wọ́n ń fi gbogbo ọjọ́ wá ẹja, tí ọwọ́ wọn bá sì tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á dá a padà. Á bi yín bóyá eyín ló ń dun wọ́n.

Ṣé Yorùbá kò láàánú ẹja ni? Ó ní. Ibi tó gbé àánú náà sí ló yàtọ̀. Apẹja òyìnbó gbé e lé ẹja kọ̀ọ̀kan lórí: èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ṣé kó lọ ni àbí kó kú? Àwọn baba wa gbé e lé omi lórí. Kí wọ́n tó bèèrè nípa ẹja, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló ni odò.

Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tó fi máa dé Òṣogbo, ó ti di yèyé. Ìtàn ìlú náà ní nígbà tí Lárọ́ọ̀yè àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sétí omi, ẹja ńlá kan jáde wá gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun, Lárọ́ọ̀yè sì tẹ́wọ́, ó gbà á. Nínú atẹ́wọ́gbẹja yẹn ni oyè Àtáọ́ja ti jáde. Ọba tó ń jẹ orúkọ ẹja rèé. Síbẹ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 75 hẹ́kítà, tí UNESCO sì kọ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005, èèwọ̀ ni ẹja pípa. Ẹja tó bá wà níbẹ̀, èèyàn Ọ̀ṣun ni.

Èèwọ̀ yìí ní ohun kan tó yẹ ká tẹjú mọ́. Kò sọ pé ẹja ń jẹ̀rora. Kò sọ pé ẹja ní ẹ̀tọ́. Ohun tó sọ ni pé ibú yìí ní olówó. Ẹja kan náà, bó bá lúwẹ̀ẹ́ kọjá ààlà igbó, ó ti di ẹran ọbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa dá apẹja lẹ́bi. Kì í ṣe pé àwọn àgbà jókòó wọ́n ń ka ẹyin ẹja, kí a má parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n omi tí a kì í ti pẹja nínú rẹ̀ a máa bí ẹja fún omi tí a ti ń pẹja, yálà ẹni tó fòfin de ibẹ̀ mọ̀ tàbí kò mọ̀. Nínú irú ibú bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dá ìfófó funfun yẹn láàmú.

Ní Àrgúńgú, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, àkókò ni wọ́n gbé ti wọn lé. Láti 1934, nígbà tí Sultan Sókótó wá kí wọn, ni ayẹyẹ ẹja pípa tí a mọ̀ lónìí ti wà. Wọ́n a ti odò Matan Fada pa fún ọdún kan gbáko, Sarkin Ruwa, olóyè omi, ni yóò máa ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n á ṣí i fún nǹkan bí wákàtí kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin á bẹ́ sómi pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti igbá. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ayẹyẹ náà ní 2020, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá tó ti dákẹ́, ẹja tó gbégbá orókè wọn kìlógíráàmù 78. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ kì í dàgbà sínú omi tí gbogbo èèyàn ń kó àwọ̀n wọ̀ lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn èèwọ̀ àwọn baba wa ni ẹ̀sìn méjì wọlé, àwọn méjèèjì sì ya ẹja sọ́tọ̀. Nínú Ìsìláàmù, ohun inú omi jẹ́ halal, ẹja kò nílò ọ̀bẹ lọ́rùn bí àgbò. Nínú ìwé Jòhánù, ẹja 153 ló wà nínú àwọ̀n àwọn ọmọ ẹ̀yìn, àwọ̀n kò sì ya. Àwọn Adventist ló ń ka ìpẹ́ ara ẹja kí wọ́n tó jẹ ẹ́, bí òfin Léfítíkù ṣe wí, torí náà wọn kì í jẹ àrọ̀ tí kò ní ìpẹ́. Àìmọ́ ló gba àrọ̀ là lọ́wọ́ wọn. Fún àwọn tó kù, Ọlọ́run kan ṣoṣo ló ni gbogbo omi, ó sì ti fi ẹja jíǹkí ọmọ ènìyàn. Ẹ̀kọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò kọ̀ọ̀kan pàdánù olówó rẹ̀ tó wà nítòsí, ẹni tó fẹ́ pa á lára kò ní ẹni tó ń bẹ̀rù mọ́.

Gamalin 20 ló wọ inú àlàfo yẹn. Òògùn kòkòrò kòkó ni, kì í sì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Èkìtì tó ń gbin kòkó. Lindane ló wà nínú rẹ̀, oró tí àdéhùn Stockholm kọ mọ́ àwọn tí ayé gbọ́dọ̀ pa rẹ́ ní 2009. Ìwọ̀n díẹ̀ tí a bá dà sódò lálẹ́, kò bèèrè ńlá tàbí kékeré, àrọ̀ tàbí epìyà. Tó bá di àárọ̀, ìyá, ọmọ, ẹyin, gbogbo wọn á yí ikùn sókè, èèyàn á sì kó èyí tó bá fẹ́. Òfin ẹja omi inú ilẹ̀ ti 1992 ka oró àti ohun abúgbàù léèwọ̀. Ẹ bi ará oko mélòó ló ti rí òfin náà rí. Nínú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí à ń gbọ́ lórí pẹpẹ àti lórí mínbárì, èyí kì í sábà sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìpànìyàn tó ń rìn bọ̀ ni, torí ẹja olóró yẹn máa dé inú ìsàasùn.

Bẹ́ẹ̀ ẹja kì í ṣe ẹran lásán fún Yorùbá. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó wà nínú àwo pẹ̀lú oyin àti obì, a sì máa ń wí fún ọmọ pé orí ni ẹja fi ń la ibú. Ẹni tó fẹ́ bọrí, ẹja àrọ̀ wà lára ohun tó ń wá. Èyí ló mú ọ̀rọ̀ náà ta kókó: ẹ̀dá tí à ń fi orí rẹ̀ ṣàdúrà fún orí tiwa, ṣé a jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan kí ó tó kú?

Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹja inú ìsàasùn wa kò tilẹ̀ rí odò rí. Inú adágún onísìmẹ́ǹtì àti táńkì ni wọ́n ti ń sìn ín. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọyẹ́-Èkìtì láti 2011 ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹja ní ọgbà rẹ̀ tó wà ní Ìkọ̀lé. Ẹni tó bá kọ́ bí a ṣe ń bí àrọ̀ máa mọ iṣẹ́ náà dunjú. Wọ́n á gún abo ní abẹ́rẹ́, wọ́n á dúró fún bíi wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá. Tí àsìkò bá tó, wọ́n á fi aṣọ inura mú un dání, wọ́n á rọra tẹ ikùn rẹ̀, ẹyin á máa ya sínú abọ́ bí ọkà bàbà tí a sè. Abo á padà sómi. Akọ ò ní í padà. Àtọ̀ rẹ̀ kì í ya bí a bá tẹ ikùn rẹ̀, nítorí náà, wọ́n á pa á, wọ́n á la ikùn rẹ̀, wọ́n á sì gé àpò àtọ̀ méjèèjì sórí ẹyin. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń rò ó pọ̀. Kí ọjọ́ kejì tó pé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ti ń gbọ̀n nínú omi, bàbá wọn sì ti wà nínú ọbẹ̀.

Ta ló ni ibú fún àwọn wọ̀nyí? Èèwọ̀ odò kò kàn wọ́n, wọn kò sí lódò. Òfin apẹja kò kàn wọ́n, kò sẹ́ni tó ju ìwọ̀ sí wọn. Wọ́n ní olówó, ṣùgbọ́n olówó onínáírà ni, ẹni tó ń ka àpò oúnjẹ ẹja tó ń wọ́n sí i. Ìkà kan ṣoṣo tó ń bà á nínú jẹ́ nínú adágún ni ti ṣútà, ọmọ ẹja tó yára dàgbà tó sì ń gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ mì. Ìyẹn náà, torí owó ni.

Lálẹ́, ní ibi tí wọ́n ti ń ta àrọ̀ ata létí títì, agbada ńlá wà lábẹ́ iná, ẹja dúdú méje ń yí ara wọn ká nínú omi tí kò jin ìbú ọwọ́ kan. Oníbàárà dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó na ìka.

“Màmá, ẹ bá mi mú tẹ̀gbẹ́ yẹn.”

“Èyí tó ń fò yìí, ọ̀gá?”

“Òun náà.”

Iyọ̀ wà nínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń bu iyọ̀ lé e láàyè kí yíyọ̀ ara rẹ̀ lè kúrò, wọ́n á dé e mọ́nú abọ́, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ ìdérí títí ìjàkadì inú rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Ó ń pẹ́ díẹ̀. Obìnrin yìí kò fọwọ́ kan iyọ̀. Ó gbé ẹja náà lé pákó, ó fi àpò sìmẹ́ǹtì di ìrù rẹ̀ mú, ó nawọ́ sí ọmọ odó tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbàù, ní orí.