Ẹni tí Ó Dúró ní Ìsọ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ mú ìbéèrè kan tọ̀ wá wá, ó sì tọ́ kí a gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ará. Ilé iṣẹ́ tí ó ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ rán an lọ sí ibi àfihàn ọkọ̀ òfurufú, kí ó dúró ní ìsọ̀ wọn, kí ó sì máa fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà han àwọn èrò. Ó mọ àbùkù kan lára ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá rẹ̀ sì wí fún un pé bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, kí ó yí ọ̀rọ̀ náà sí ibòmíràn. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀?"

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ọlọ́jà yin ọjà rẹ̀. Ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, kò sí ẹni tí ń retí pé kí oníigbá máa ka àbùkù igbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ rà á a máa yí i padà, a máa wo inú rẹ̀ bóyá ó ti sán. Ojú rẹ̀ ni olùṣọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni pẹ̀lú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ṣòwò káàkiri àríwá Ghana, títí òfin ọdún 1969 fi lé wọn padà wálé: ẹni tí wọ́n tà fún ní ọjà òní, wọn yóò tún bá a pàdé ní ọjà tí ń bọ̀. Ìtìjú a máa ṣọ́ ahọ́n wọn.

Ní ibi àfihàn, àwọn olùṣọ́ méjèèjì yìí kò sí. Ní Paris, níbi tí irú àfihàn bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1909, bí ọ̀sẹ̀ kan ni a fi ń ná an, lẹ́yìn náà olúkúlùkù a tú ká. Èyí tí ó wúwo jù ni pé ẹni tí ó ra ọkọ̀ kọ́ ni ẹni tí yóò máa wọ̀ ọ́. Èrò inú ọkọ̀ kò dé ìsọ̀ rí, kò sì ní ẹnu tí yóò fi bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọkọ̀ Boeing 737 MAX. Ohun tí a fi polówó rẹ̀ ni pé awakọ̀ tí ó mọ ti àtijọ́ kò ní nílò ẹ̀kọ́ púpọ̀ kí ó tó lè wa tuntun. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a ń pè ní MCAS, tí ó lè tẹ imú ọkọ̀ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. A kò sì sọ ọ́ nínú ìwé tí a fi lé àwọn awakọ̀ lọ́wọ́. Ní October 2018 ọ̀kan já sínú òkun ní Indonesia, ènìyàn 189 kú. Ní March 2019 òmíràn já ní Ethiopia, ènìyàn 157 kú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi, ọmọ Ìsánlú, sì wà nínú wọn. Ní January 2021 ilé iṣẹ́ náà gbà láti san ju bílíọ̀nù dọ́là 2.5 lọ, nítorí ohun tí a fi pamọ́ fún àwọn alábòójútó ìjọba Amẹ́ríkà. A kò wí pé àwọn tí ó dúró ní ìsọ̀ mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin wa mọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ìránṣẹ́ ni, àti pé ẹni tí ń bọ́ ni ni ó ni ẹnu ẹni. Àwa gbà pé ó yẹ kí ó pa àṣírí òwò ọ̀gá rẹ̀ mọ́: iye tí a fi ṣe ọjà, àti ibi tí a ti rà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí èrò kì í ṣe àṣírí òwò, owó oṣù kò sì lè rà á. Nítorí náà a wí fún un pé kí ó kọ́kọ́ kọ ọ̀ràn náà sínú ìwé sí ọ̀gá rẹ̀, kí ọjọ́ àfihàn tó pé. Bí ọ̀gá kò bá gbọ́, tí ẹnìkan sì bèèrè ní ìsọ̀, kí ó má ṣe sẹ́ ohun tí ó mọ̀.

Ó bi wá pé, "Bí wọ́n bá lé mi ńkọ́?" Àwa kò yára dáhùn, nítorí ó ní aya àti ọmọ. Àwọn àgbà wí pé òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ẹni tí ó gbé òtítọ́ lọ sí ọjà lè pàdánù, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó dá pàdánù náà rù. Ìjọ tí ó gba ọrẹ ọpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó rí iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀ bí iṣẹ́ náà bá bọ́. Bí a kò bá ṣetán láti fi oúnjẹ sí ilé rẹ̀, kí a má ṣe wàásù òtítọ́ fún un. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí yóò ṣe méjèèjì.