Ihò Inú Àwọ̀n

Ìjàpá òkun kì í ṣe ẹja. Afẹ́fẹ́ ló ń mí bíi tiwa. Bó bá há sínú àwọ̀n ọkọ̀ tó ń kó edé, omi á pa á. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń de irin sínú àwọ̀n, bí irin ojú fèrèsé: edé á gba àárín rẹ̀ kọjá, ìjàpá á bá ihò jáde.

Òfin Amẹ́ríkà ti 1989 kò gba edé tí wọ́n kó láìdáàbò bo ìjàpá. Síbẹ̀, àwọn apẹja kan ti rán ihò náà pa lójú agbami, kí edé díẹ̀ má baà sá lọ.

Deutarónómì 22:6-7 gbà wá láyè láti mú ọmọ ẹyẹ, ṣùgbọ́n ká jẹ́ kí ìyá lọ. Lójú tèmi, òdodo ni kí ihò náà wà ní ṣíṣí níbi tí oníbàárà kò lè dé, tí Ọlọ́run nìkan ń wò.