Orúkọ, Orí àti Adé: Ọ̀ràn Fọláṣadé Adú

Ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 1959 ni wọ́n bí Helen Fọláṣadé Adú ní Ìbàdàn. Adébísí Adú, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, olùkọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ni bàbá rẹ̀. Anne Hayes, nọ́ọ̀sì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ìyá rẹ̀. Òun ni ayé wá mọ̀ sí Sade, akọrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti olórí ẹgbẹ́ olórin tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ dára láti fi yẹ ìbéèrè kan wò tí àwọn Yorùbá ti ń bá yí tipẹ́: kí ni iṣẹ́ orúkọ lára ẹni tó ń jẹ́ ẹ? Ṣé orúkọ ló ń gbé ọmọ dé ibi tó ń lọ, àbí orí tó yàn lọ́run?

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, pín orúkọ sí àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Àmútọ̀runwá kò sí lọ́wọ́ òbí. Bí ọmọ ṣe wá ló sọ ara rẹ̀ ní Táíwò, Àìná tàbí Òjó. Àbísọ ni ọwọ́ ènìyàn ti wọ ọ̀rọ̀ náà, àbísọ sì ni Fọláṣadé: fi ọlá ṣe adé. Òwe méjì ni wọ́n sábà máa ń pa lórí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pa wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n ń wí. “Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ” ń wo ẹ̀yìn. Ipò tí ìdílé wà ni orúkọ ń ròyìn. “Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ” ń wo iwájú. Orúkọ ni yóò máa darí ọmọ. Ìròyìn ni ti àkọ́kọ́, àṣẹ ni ti èkejì. Èèyàn lè gba ọ̀kan gbọ́ kó má gba èkejì.

Ọ̀ràn orí tún mú un le sí i. Ifá sọ pé kí ènìyàn tó dé ayé ló ti dé ilé Àjàlá alámọ̀, tó ti yan orí tirẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ tí wọ́n sọ ní ọjọ́ kẹjọ ti pẹ́ jù. Ọjà ti tú kó tó gbé igbá jáde. Àwọn babaláwo ní èsì sí èyí. Wọ́n máa ń ṣe àkọsẹ̀jayé kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó kò, láti bi Ifá léèrè irú orí tí ọmọ gbé wá, ohun tí Ifá bá sì wí ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Lójú tiwọn, ẹni tó ń sọ ọmọ lórúkọ kò pàṣẹ kankan, ohun tó gbọ́ ló ń tún sọ. Onígbàgbọ́ a tọ́ka sí Ábúrámù tí Ọlọ́run sọ di Ábúráhámù, àti Jákọ́bù tó di Ísírẹ́lì: orúkọ ṣeé gbà, ó sì ṣeé pààrọ̀. Mùsùlùmí ka orúkọ rere mọ́ ẹ̀tọ́ tí ọmọ ní lára òbí rẹ̀.

Ní Lekki àti Ajah, ní Èkó, inú pálọ̀ kan náà ni àwọn èsì wọ̀nyí ti sábà máa ń pàdé. Àga oníke wà lábẹ́ kánópì lẹ́yìn géètì ẹ́sítéètì. Oyin, iyọ̀, omi, ataare, obì àti orógbó wà nínú àwo lórí tábìlì, Bíbélì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá àgbà ti ìka bọ oyin, ó fi kan ètè ọmọ, ọmọ lá a, gbogbo ilé hó yè. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ á ju owó sínú abọ́ omi kó tó la ẹnu. Bàbá bàbá ọmọ ń sọ tirẹ̀ láti orí WhatsApp, nẹ́tíwọ̀kì ń gé e. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló pe orúkọ kan ṣoṣo kí wọ́n tó gbọ́. Orúkọ á pé mẹ́wàá tàbí méjìlá kí wọ́n tó bu ìrẹsì. Mẹ́ta lè dé inú ìwé ẹ̀rí ìbí. Ọ̀kan ni olùkọ́ máa mọ̀. Ààbọ̀ ọ̀kan yẹn ni wọ́n á máa fi pè é nílé.

Bí ọmọ bá dàgbà tán, ó tún lè jẹ́ pé orúkọ ìdílé ni yóò yí padà: Ifágbèmí a di Jésùgbèmí, Ògúnbíyìí a di Olúbíyìí, nítorí wọ́n ti sọ fún un níbi ìsọjí pé orúkọ àtijọ́ ló ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó ń sá fún Ifá báyìí gba agbára orúkọ gbọ́ ju babaláwo lọ, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Fọláṣadé kò ní wàhálà yẹn. Kò sí òrìṣà nínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ń pè é láìfòyà.

Ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọmọ Ìbàdàn yìí lórúkọ kò ṣòro láti rí. Adé ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá, adé ló parí ti ọmọ. Adú, tí wọ́n máa ń pe ẹni tó bá dúdú, wá di orúkọ ìdílé ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó. Wọ́n ní àwọn ará àdúgbò kò fẹ́ pe Helen. Orúkọ Yorùbá ni wọ́n mú, wọ́n sì gé e kúrú sí Ṣadé. Nígbà tí wọ́n gé e, ọlá ló bọ́ sílẹ̀, adé nìkan ló kù. Láàárín Yorùbá, èyí kò pa nǹkan lára: ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ṣùgbọ́n òwe yẹn nílò etí tó mọ odindi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Ṣadé nígbà tí ìyá rẹ̀, tó ti kúrò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, kó òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ sí Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etí yẹn kò pọ̀ níbẹ̀.

Aṣọ rírán ló kọ́kọ́ kọ́. Ó kàwé nípa ọnà aṣọ ní Saint Martin's ní London, ó ṣe módẹ́ẹ̀lì díẹ̀, kó tó bọ́ sínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Pride gẹ́gẹ́ bí elégbè. Láti inú Pride ni òun, Stuart Matthewman tó ń fun sáksófóònù tó sì ń ta gìtá, àti Paul Denman tó ń ta gìtá béèsì ti yọ jáde. Andrew Hale wá dara pọ̀ mọ́ wọn lórí dùùrù. Ní 1983 wọ́n bá iléeṣẹ́ Epic tọwọ́ bọ̀wé. Diamond Life jáde ní 1984, ó sì gba ẹ̀bùn àwo orin tó dára jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Sade. Àwọn olórin júújù kì í ṣe é báyẹn: Ebenezer Obey ní Inter-Reformers tirẹ̀, Sunny Adé ní African Beats. Orúkọ ọ̀gá wà níwájú, ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, kálukú mọ ààyè rẹ̀. Níhìn-ín, ènìyàn mẹ́rin, tí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọkùnrin òyìnbó, ló ń jẹ́ orúkọ àbísọ ọmọbìnrin kan láti Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n gba Grammy fún ẹgbẹ́ olórin ní 1994 àti ní 2011, Sade ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí orúkọ bá jẹ́ ìjánu, ẹnu ta ni ìjánu yìí wà? Orí ni kálukú ń yàn fún ara rẹ̀. Orúkọ, ó jọ pé ó ṣeé yá.

Nígbà tí Diamond Life dé Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ tó tà á ní láti tẹ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà sára rẹ̀: Shar-day. Láìpẹ́, àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Sade, Sharday àti Shardae. Ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Sharday kò wo ilé rárá. Rédíò ló gbọ́. Kò sí adé nínú orúkọ náà mọ́ lójú òbí tó sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni adé kò kúrò níbẹ̀ fún ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá. Èkó náà ní tirẹ̀. Nínú rẹ́jísítà àwọn ilé ìwé Lekki, “Shade” ni wọ́n ń kọ ọ́, èyí tí òyìnbó ń kà sí ibòòji.

Pé orúkọ lè ya kúrò lára ohun tó ń jẹ́ ẹ, àwọn ará Lekki mọ̀ ọ́n tán. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lé àwọn ará àdúgbò Maroko, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, wọ́n sì wó ilé wọn. Àwọn kan nínú wọn bá ara wọn ní Ìlàsán àti Ìkọ́tà. Ilé olówó gba orí ilẹ̀ náà. Orúkọ Maroko kò bá ilé wó: títí di òní, àgọ́ ọlọ́pàá kan wà ní agbègbè náà tó ń jẹ́ Maroko.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Ṣadé ti jinlẹ̀ jù ni ọlá tó bọ́ sílẹ̀ yẹn. Àwo orin mẹ́fà péré ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní sítúdíò: 1984, 1985, 1988, 1992, 2000 àti 2010. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, ọ̀gá júújù kan ní Èkó ayé ìgbà 1970 lè gbé ju méjì lọ jáde. Ṣadé kì í sábà bá oníròyìn sọ̀rọ̀, àwọn kan sì ń pe èyí ní ìgbéraga tàbí ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ya ọlá sọ́tọ̀ kúrò lára òkìkí: òkìkí ń kiri, ọlá ń jókòó kí wọ́n wá bá a. Adé ńlá àwọn ọba sì ní ìlẹ̀kẹ̀ tó rọ̀ wá sílẹ̀ bo ojú. Ẹni tó dé e ni gbogbo ènìyàn ń wò, ojú rẹ̀ ni wọn kò rí. Ní 2002, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè OBE dá a lọ́lá. Ní 2017 wọ́n gbé e ga sí CBE. Orúkọ rẹ̀ ní ọlá ni wọ́n fi ṣe adé. Níbẹ̀, adé ló fún un ní ọlá.

Ẹ̀rí kan kò tó láti dá ẹjọ́. Fọláṣadé pọ̀ nínú ọjà Ajah, wọ́n ń ta ẹja àti tòmátò, kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ní orúkọ ló gbé ti London dé ibi gíga ní láti sọ ohun tó dá tiwọn dúró, kò sì ní rí i sọ. Àdúrà ni orúkọ. Ọ̀nà tí Ọlọ́run ń gbà dáhùn kì í ṣe kan náà. Èrò àkúnlẹ̀yàn, pé ọmọ ti yan orí rẹ̀ kó tó wá sáyé, ló gbé ẹrù náà jù, nítorí ó fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sẹ́nu ọmọ fúnra rẹ̀ kí òbí tó sọ tiwọn.

Ọ̀ràn náà padà wọ ilé Ṣadé. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n kà sí obìnrin nígbà tí wọ́n bí i, sọ fún ayé pé ọkùnrin ni òun, ó sì fi orúkọ tó yàn fúnra rẹ̀ rọ́pò èyí tí òbí sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ kọrin fún un. “Young Lion” ni àkọlé rẹ̀, ó jáde ní oṣù Kọkànlá 2024, òun sì ni orin tuntun àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Sade gbé jáde láti 2018.